Àrokò Inú Omi Ara

Nínú ara ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì kì í dákẹ́. Tọ̀sán-tòru ni ó ń já àwọn àpò wínníwínní kan sílẹ̀ láti ara rẹ̀, wọ́n ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, sínú ìtọ̀, sínú itọ́ ẹnu, sínú omi ọyàn, sínú àtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó ti di jẹjẹrẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ a tilẹ̀ sábà máa pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá ṣáṣá lọ. Extracellular vesicles ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè wọ́n; àwọn tó kéré jù nínú wọn, tí wọ́n ti inú sẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún wá, ń jẹ́ exosome.

Kíkéré wọn ló kọ́kọ́ ń yà mí lẹ́nu. Irun orí kan ṣoṣo fẹ̀ tó nǹkan bí nanomítà 80,000. Exosome kan kò ju nanomítà 30 sí 150 lọ. Máíkírósíkóòpù tí wọ́n fi ń wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kò lè fi í hàn, àfi ẹ̀rọ tó ń fi eléktírọ́ọ̀nù wo nǹkan. Síbẹ̀, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo gba àìmọye mílíọ̀nù wọn. Awọ tó bò ó jẹ́ ọ̀rá onípele méjì, irú èyí gan-an tó bo sẹ́ẹ̀lì tó bí i. Àwọn purotéènì kan wà lára awọ náà, CD9, CD63 àti CD81, tí àwọn oníṣẹ́ láàbù fi ń dá a mọ̀. Inú rẹ̀ ni ẹrù wà: purotéènì, ọ̀rá, àti RNA, ìyẹn ẹ̀dà àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń kọ láti inú jíìnì rẹ̀. Bí RNA bá wà ní ìhòòhò nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí nínú ìtọ̀, kì í pẹ́ kí àwọn ẹ́ńsáìmù tó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n nínú àpò yìí, ọ̀rá ti yí i ká, ohun tó ń jẹ ẹ́ kò ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó ṣe kúrò lọ́dọ̀ sẹ́ẹ̀lì ni ó ṣe lè dé inú ike àyẹ̀wò.

Àrokò ni ó ń mú mi rántí. Láyé àtijọ́, ọba Ìjẹ̀bú a máa so owó ẹyọ àti ìyẹ́ pọ̀ mọ́ okùn, a fi rán ìránṣẹ́ sí ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí sí ọmọ ìlú tó wà lájò. Iye owó ẹyọ náà, bí wọ́n ṣe kọjú síra tàbí kọ̀yìn síra, ohun tí wọ́n fi kún un, gbogbo rẹ̀ ló ní ìtumọ̀. Ẹni tó gbé e lè má mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ni yóò tú u. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn àpò yìí. Ẹni tó rán wọn wà lára awọ wọn, ohun tó ń gbèrò wà nínú ẹrù wọn, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ tó ń gbé wọn kiri kò sì mọ ohun tí òun gbé.

Jẹjẹrẹ mọ àrokò yìí í dì. Ní 2015, David Lyden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Weill Cornell ní New York fi hàn, pàápàá jù lọ nínú eku, pé purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní integrin, tó wà lára exosome jẹjẹrẹ, ló ń pinnu ibi tí exosome náà yóò gúnlẹ̀ sí. Irú kan ń darí rẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró, irú kan ń darí rẹ̀ sí ẹ̀dọ̀. Nígbà tó bá sì gúnlẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tún ibẹ̀ ṣe de sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn náà ni inú mi dùn, nítorí pé ọ̀tá tó bá ń ránṣẹ́ ṣáájú ara rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ hàn fún ẹni tó bá lè dá ìránṣẹ́ náà dúró lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ro pé ó yẹ kí wọ́n dá a dúró. Ní 1967, Peter Wolf rí àwọn ègé wínníwínní tó ń já lára sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì pè wọ́n ní eruku. Ní Uppsala ní Sweden, Gunnar Ronquist rí irú wọn nínú omi tí próstéètì ń pèsè, kò sì sí ẹni tó tíì lérò nígbà náà pé láti inú próstéètì yìí kan náà ni àǹfààní wọn yóò ti dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìtàn Rose Johnstone. Ọmọ Júù ni, wọ́n bí i ní ìlú Łódź ní Poland ní 1928, ó sì dé Canada nígbà tó ṣì wà ní ọmọdé. Ní Yunifásítì McGill ní Montreal, ohun tí ó ń wò ni sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ àgùntàn bí ó ṣe ń dàgbà. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ ní àwọn purotéènì kan lára tó fi ń gba èròjà irin (iron). Bí ó bá dàgbà tán, a kò rí wọn mọ́. Níbo ni wọ́n gbà lọ? Ní 1983, Johnstone àti ọ̀dọ́ oníwádìí kan tí ń jẹ́ Bin-Tao Pan rí i pé sẹ́ẹ̀lì ń kó wọn sínú àpò kékeré, ó sì ń tì wọ́n síta. Ní ọdún kan náà ni Clifford Harding àti Philip Stahl rí ohun tó jọ ọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ eku ní St. Louis. Johnstone ló fún àwọn àpò náà ní orúkọ exosome ní 1987.

Nígbà náà, ìdọ̀tí tí sẹ́ẹ̀lì ń gbá síta ni ọ̀pọ̀ kà wọ́n sí. Ẹ̀kọ́ nípa ohun tí sẹ́ẹ̀lì kò fẹ́ mọ́ kò ní iyì lójú ẹni tó ń fi owó ṣe ìwádìí. Àmọ́ obìnrin yìí kò fi wọ́n sílẹ̀. Mo ń bọ̀wọ̀ fún irú sùúrù bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó kú ní 2009, nígbà tí gbogbo ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí sí ohun tí ó ti ń wò láti ìgbà pípẹ́. Ní 2007 ni Hadi Valadi àti Jan Lötvall ní Gothenburg fi hàn pé RNA wà nínú exosome, àti pé sẹ́ẹ̀lì tó bá gbà á lè ka RNA náà kí ó sì fi ṣiṣẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Johan Skog àti Xandra Breakefield ní Massachusetts General Hospital ní Boston gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn 25 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọpọlọ tó burú jù, glioblastoma, wọ́n yọ àwọn àpò inú rẹ̀, wọ́n tú wọn. Nínú ti àwọn 7, wọ́n rí RNA jíìnì kan tó ti yí padà, EGFRvIII, tí kò yẹ kí ó wà nínú ara tó dá ṣáṣá. Ìròyìn inú agbárí ni wọ́n kà láti inú ẹ̀jẹ̀ apá. Kíkà náà kò béèrè kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kan orí.

Irú kíkà bẹ́ẹ̀ kàn wá gan-an ní Jonesboro, níbi tí mo ń gbé. Ó wà ní gúúsù Atlanta ní ìpínlẹ̀ Georgia, òun sì ni olú ìlú Clayton County. Ìlú kékeré ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lókèèrè mọ̀ ọ́n nítorí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ní 1864, níbi tí wọ́n ti gé ojú irin tó kù tó ń wọ Atlanta, tàbí nítorí ìwé ìtàn àròsọ Margaret Mitchell tó fi oko Tara sí ìtòsí rẹ̀. Tara Boulevard, títì ńlá ìlú náà, ṣì ń jẹ́ orúkọ oko náà. Àwa tí a ń gbé agbègbè yìí lónìí kọ́ ni ìwé náà ń sọ. Nígbà ìkànìyàn 2020, àwọn olùgbé Clayton County fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300,000. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọmọ Áfíríkà sì pọ̀ lára wọn. Apá tó pọ̀ jù nínú pápákọ̀ òfurufú Hartsfield-Jackson wà ní ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń wa tírélà, wọ́n ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí lóru, àwọn ìyàwó wọn ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru tó sùn lọ́sàn-án kì í rántí dókítà bí kò bá rí ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yà ara kan sì wà tí kì í ké títí yóò fi bàjẹ́. Próstéètì wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, kò tóbi ju àwúsá lọ lára ọ̀dọ́, òun ló ń pèsè apá kan nínú omi tí àtọ̀ ń bá jáde. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan nínú mẹ́jọ ni jẹjẹrẹ rẹ̀ yóò mú nígbà ayé rẹ̀. Láàrin àwa aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan nínú mẹ́fà ni, ikú tó ń fà láàrin wa sì tó ìlọ́po méjì ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ní Nàìjíríà, òun ni jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù láàrin ọkùnrin, ọ̀pọ̀ ni kì í sì dé ilé ìwòsàn títí yóò fi wọ eegun ẹ̀yìn. Ìtìjú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Lloyd Austin, tó dàgbà ní Thomasville ní ìpínlẹ̀ Georgia yìí kan náà, ni mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ yìí lára rẹ̀ ní òpin 2023. Ó fi pa mọ́, àní fún ààrẹ tó ń sìn. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀ ní gbangba ní oṣù Kejì 2024, ó ní ìròyìn náà mì òun, àti pé ó ń mi ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀, pàápàá láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú. Bí ẹni tó ń pàṣẹ fún gbogbo ọmọ ogun Amẹ́ríkà bá lè tijú, kí ni ká wí nípa bàbá tó ń wa tírélà?

Àyẹ̀wò tí gbogbo wa mọ̀ ni ti PSA, purotéènì kan tó ti inú próstéètì wá. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà. FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní 1986 láti fi ṣọ́ ẹni tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní jẹjẹrẹ, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 1994 láti fi wá a. Ó ti gba ẹ̀mí là, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ PSA a máa gòkè nítorí jẹjẹrẹ, a máa gòkè nítorí pé próstéètì wú bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, a tún máa gòkè nítorí kòkòrò àrùn. Bó bá ti gòkè, dókítà a máa fi ìka wo próstéètì láti ojú ihò ìdí, a sì lè fi abẹ́rẹ́ gé ẹran rẹ̀ níbi méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó fara da gbogbo èyí ni wọn kò bá nǹkan kan lára wọn, tàbí kí wọ́n bá jẹjẹrẹ tó lọ́ra, tí kò ní pa ẹni tó ní in.

Ibí yìí gan-an ni àrokò inú ìtọ̀ ti wúlò. Ní 2009, Skog àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé exosome láti inú próstéètì wà nínú ìtọ̀ ọkùnrin, àti pé àmì jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ExoDx Prostate ti jáde ní 2016. Ọkùnrin tó ti pé àádọ́ta ọdún, tí PSA rẹ̀ wà láàrin 2 sí 10, ni wọ́n ṣe é fún. Ìtọ̀ tó kọ́kọ́ jáde ni yóò gbà sínú ike. Kò sí abẹ́rẹ́, dókítà kò sì ní fi ìka kàn án ṣáájú. Ní láàbù, wọn yóò yọ àwọn àpò náà, wọn yóò tú RNA inú wọn, wọn yóò wo jíìnì mẹ́ta: PCA3, ERG, àti SPDEF, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n àwọn méjì yòókù. Nọ́ḿbà kan ni yóò jáde, láti 0 títí dé 100. Bí kò bá ju 15.6 lọ, ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà má ní jẹjẹrẹ tó le, ó sì lè bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́ bóyá kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró ná. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí wọ́n ro ti àyẹ̀wò yòókù.

Nínú ìwádìí tí James McKiernan ṣe aṣíwájú rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní JAMA Oncology ní 2016, wọ́n dán an wò lára àwọn ọkùnrin 519. Àwọn 138 nínú wọn ni kì bá tí gba abẹ́rẹ́ bí wọ́n bá tẹ̀ lé nọ́ḿbà náà, ìyẹn ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn jẹjẹrẹ tó le jù, èyí tí àyẹ̀wò náà kò rí kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ wo bí àǹfààní yẹn ti pọ̀ tó: ju ìdá mẹ́rin kan lọ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí yóò lọ sílé láìfarapa. Kò pé pérépéré, kò sì sí àyẹ̀wò tó pé.

Ohun tí mo yẹ́ sí jù lára rẹ̀ ni pé ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin kéré. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn bàbá bá dúró níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, tí ọ̀kan sọ pé PSA òun ti gòkè ṣùgbọ́n òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun níbẹ̀ yẹn, àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ wa ti ní èsì wàyí. “Dádì, wọn ò ní fọwọ́ kàn yín. Ìtọ̀ lásán ni wọ́n fẹ́. Ẹ kàn sọ fún dókítà yín pé ẹ fẹ́ ti ìtọ̀.” Mo ti rí i bí ojú bàbá ṣe ń rọ̀ nígbà tó gbọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kò fi irú ìtìjú yẹn ṣẹ̀sín. Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn. Sáyẹ́ǹsì tó bá lè gba ẹ̀gbẹ́ ìtìjú náà kọjá láìdójú ti àgbàlagbà yẹ kí a kí i.

Kí a má sì kí i ju bó ti yẹ lọ. Àwọn àpò yìí ṣòro láti yọ. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ kíkankíkan fún wákàtí mélòó kan, kí àwọn ègé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó jọ wọ́n ṣì dà pọ̀ mọ́ wọn. Láàbù méjì lè gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kan náà kí èsì wọn má bára mu. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àwọn àpò yìí káàkiri àgbáyé fi gbé ìlànà jáde ní 2014, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2018 àti 2023, lórí ohun tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ fi hàn kí ó tó sọ pé exosome ni òun rí. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní MD Anderson ní Houston kéde pé purotéènì kan, glypican-1, lára exosome ń fi jẹjẹrẹ àmọ́ (pancreas) hàn ní kùtùkùtù, láìṣìnà rárá. Gbogbo ayé hó yèè. Nígbà tí àwọn láàbù mìíràn tún un ṣe, wọn kò rí i kí ó dára tó bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ṣì pọ̀ lórí ti àmọ́, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti ọpọlọ. Ti próstéètì ti dé ọwọ́ dókítà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ti próstéètì yìí tó kàn wá ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ní 2005, ẹgbẹ́ Arul Chinnaiyan ní Yunifásítì Michigan rí i pé nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ próstéètì, jíìnì kan tí ń jẹ́ TMPRSS2 máa ń já, a sì lẹ̀ mọ́ ERG, ERG a wá máa pariwo ju bó ti yẹ lọ. Ìyẹn ló sọ ERG di àmì. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀mọ́ra yìí, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú ìdajì jẹjẹrẹ àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun, kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú. PCA3 wà nínú àyẹ̀wò náà, kì í ṣe ERG nìkan ló ń gbé e dúró, nítorí náà n kò sọ pé kò wúlò fún wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí jẹjẹrẹ tiwa bá ń di àrokò rẹ̀ lọ́nà mìíràn, ó yẹ kí àwọn tó ń tú u mọ ọ̀nà náà.

Àwọn tó lè mọ̀ ọ́n kò jìnnà sí wa. Bí a bá gba I-75 láti Jonesboro lọ sí àárín Atlanta, a ó dé àdúgbò kan níbi tí Clark Atlanta University àti Morehouse School of Medicine ti múlé ti ara wọn. Clark Atlanta ní ilé ìwádìí jẹjẹrẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí próstéètì, pàápàá lára àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú. Ní Morehouse, Vincent Bond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí exosome tí kòkòrò HIV ń lò láti ran purotéènì rẹ̀ kiri. Ní Athens, ní Yunifásítì Georgia, Leidong Mao ń lo omi tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà láti ya àwọn àpò yìí sọ́tọ̀ nípa ìwọ̀n wọn, láìfi àmì kankan lẹ̀ mọ́ wọn. Winship Cancer Institute ti Emory náà wà ní Atlanta. Ọmọ wa Folakemi Odedina, tó kọ́ iṣẹ́ apòògùn ní Ifẹ̀ kó tó wá sí Amẹ́ríkà, sì ti dá àjọṣe kan sílẹ̀ láti 2005 tó so àwọn oníwádìí jẹjẹrẹ próstéètì ní Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ àwọn ti Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí àwọn aláwọ̀ dúdú wà.

Irinṣẹ́ ti wà, ọ̀nà ti wà. Ìtọ̀ ni ó kù. Kò sí ohun tí mo ń fẹ́ rí tó ìwádìí kan tí yóò kọ àwọn ọkùnrin Clayton County àti àwọn ọkùnrin Ìbàdàn sínú ìwé kan náà, ike kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọn yóò tú àwọn àpò inú wọn, tí wọn yóò sì tọ àwọn ọkùnrin náà lẹ́yìn fún ọdún mélòó kan, kí a lè mọ̀ bóyá 15.6 náà ni nọ́ḿbà tó tọ́ sí wa, tàbí òmíràn, àti jíìnì wo ló yẹ kí wọ́n fi kún mẹ́ta yẹn.